Ṣóńṣó Eyín Rasmini

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ lára búrọ́ọ̀ṣì Rasmini, Gejer, baba rẹ̀, ló gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìsinmi ló ń fẹ́. Omi lásán ni kó o máa fi fọ̀ ọ́."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ò mọ̀nà, ṣé kì í ṣini lọ́nà ni? Ọmọ gbọ́ràn sí baba lẹ́nu. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá láti fi ayùn rẹ́ ṣóńṣó eyín rẹ̀ kó tẹ́jú, bí àṣà ìlú wọn, pé, arẹ́yín ní kó la ẹnu, ó wò ó, ó gbé ayùn sílẹ̀.

"Mi ò lè fi ayùn kan ẹnu yìí. Erìgì ẹ̀ ti wú. Ẹ lọ tọ́jú ẹ̀, ká tún wá ọjọ́ rere mìíràn."

Ní Bali, ọjọ́ rere kì í ṣe ohun tí èèyàn ń já lórí igi. Ó di ọ̀pọ̀ oṣù. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà ti gba ojú Gejer, ẹsẹ̀ ló tún ń bá a fà báyìí. Baba tí kò bá tíì mú ṣóńṣó eyín ọmọ rẹ̀ kúrò kò tíì ṣe baba tán. Ohun kan ṣoṣo tí Gejer ń bẹ̀bẹ̀ fún kó tó kú nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tí Rasmini lọ fi ẹnu hàn pòṣé. "Ta ló ní kó o má fọ eyín mọ́?"

Rasmini ò ní dárúkọ baba rẹ̀.

"Ìdọ̀tí tó há sídìí eyín ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti kó o tó sùn, kó o rọra fọ etí erìgì. Máa fi òwú gba àárín eyín. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì yọ díẹ̀, má sá fún un."

Rasmini fọ eyín títí baba rẹ̀ fi ń rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. "Ṣé ọkọ̀ ojú omi lò ń gbẹ́ lẹ́nu ni?"

Ẹ̀jẹ̀ dá. Erìgì le. Ọjọ́ rere ti ń sún mọ́lé, àmọ́ ikú yá ẹsẹ̀ jù ú lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èémí Gejer wúwo. Wọ́n ránṣẹ́ pe arẹ́yín, wọn ò bá a nílé.

"Rasmini, ṣé wọ́n ti rẹ́ ẹ?" ni Gejer béèrè.

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọ́n ti rẹ́ ẹ, Bàbá."

"Jẹ́ n fọwọ́ kàn án."

Kò síbi tí Rasmini fẹ́ sá sí, ló bá la ẹnu. Ìka baba gba orí erìgì kọjá, ó dé orí eyín ẹ̀gbẹ́, ó dúró. Eyín náà ṣì mú bó ṣe mú nígbà tó hù. Ìka náà pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti tẹ́jú," ni baba wí. "Ó ti tẹ́jú, ọmọ mi. Iṣẹ́ mi parí."

Kò rí ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ìgbà tí wọ́n sun òkú rẹ̀ tán ni wọ́n tó rẹ́ eyín Rasmini. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò yọ. Arẹ́yín yin erìgì rẹ̀, ó na dígí sí i, ṣùgbọ́n Rasmini ò gbà á. Ìka ló fi kan eyín náà. Ó ti tẹ́jú lóòótọ́ báyìí, baba tó yẹ kó fọwọ́ kàn án ni kò sí mọ́.