Kábúrétọ̀ Tí Tìrìmísíyù Ní Kò Sí

Láti ìgbà tí Aneesah ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ A-Level kan ní Yaba, orúkọ ọkùnrin kan ló ń dún ṣáá nínú ilé bàbá rẹ̀ ní Pápá Àjàó. Láyíwọlá lorúkọ náà, tíṣà Físíìsì ni. Bí wọ́n bá ń jẹun, "Mr Láyíwọlá ní..." Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, "Mr Láyíwọlá ní púlọ́ọ̀gì ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn ló dun Tìrìmísíyù jù. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tó ti ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀. Bó bá dijú tó fọwọ́ kan irin, á sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ti tú u fún ọ. Àwọn mẹkáníìkì máa ń ti Ìpọ̀nrí wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó wá bí fúnra rẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì wálé láti ẹnu ẹlòmíì, àfi bíi pé ẹja ni bàbá òun ń tà.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ló ṣòfin pé lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́rú, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan ṣe tí kì í ṣe ìwé kíkà. Àwọn kan mú àríyànjiyàn, àwọn kan mú orin. Aneesah lọ sẹ́gbẹ́ Láyíwọlá, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì mọ́tò àtijọ́ kan ṣe. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́yà ló ní òun fẹ́ dà. Nígbà tí sáà àkọ́kọ́ ń parí lọ, tí wọ́n ní kí kálukú mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí yóò kà dópin, ó gbé fọ́ọ̀mù wálé fún bàbá rẹ̀ láti fọwọ́ sí. Mátíìsì, Físíìsì àti Kẹ́místìrì ló kọ síbẹ̀.

"Ta ló bá ẹ mú un?" ni Tìrìmísíyù bi í.

"Èmi ni, Dádì. Mr Láyíwọlá kàn ní ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ ni, pé..."

"Ó tó." Ó ká fọ́ọ̀mù náà, ó tì í bọ àpò.

Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ dúró títí ọmọ fi jáde. "Bàbá Aneesah, owú lẹ̀ ń jẹ."

"Owú? Èmi? Lórí tíṣà?"

"Ẹ lọ wo ojú yín nínú díńgí."

Nígbà tó di Sátidé, Aneesah mú tíṣà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tìrìmísíyù ti rò pé àgbàlagbà onígò lójú ni, àṣé ọ̀dọ́kùnrin ni, tó wọ bàtà kánfáàsì. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú òróró ilẹ̀ ọjà, kò wo ti aṣọ rẹ̀. Ìtẹríba yẹn gan-an tún bí Tìrìmísíyù nínú, nítorí kò jẹ́ kó rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

"Kábúrétọ̀ la wá, sà," ni Láyíwọlá wí, ó sì sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. "Òun nìkan ló kù kí ẹ́ńjìnnì wa dún. Àwọn òbí ń bọ̀ wá wòran ní Tọ́sìdeè."

Méjì wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn Tìrìmísíyù, ó ti wé wọn sínú bébà. Kò bojú wẹ̀yìn. "Kò sí," ló ní. "Irú ẹ̀ ti tán ní gbogbo Èkó. Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n adùn ọ̀hún ò dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Ní Tọ́sìdeè, ó bá àwọn òbí yòókù lọ sí Yaba. Àwọn olórin kọrin, àwọn aláríyànjiyàn jà fitafita, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ẹ́ńjìnnì, Aneesah dúró tì í, ó ń fi ìka tọ́ka sí irin kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. "Ṣé òun náà ò lè dún ni?"

"Páàtì kan ló kù, sà," ni Aneesah fèsì. Kò tíì rí bàbá rẹ̀ láàárín èrò. "Bàbá mi ń ta páàtì ní Ládìpọ̀. Wọ́n ní kò sí mọ́. Bí àwọn bá ti ní kò sí, kò sí nìyẹn."

Tìrìmísíyù gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn èrò. Ó wá àyè, ó rọra jáde.

Nígbà tí ọmọ náà délé ní ìrọ̀lẹ́, ó pè é sí yàrá. "Ó wà," ló ní.

"Kí ló wà, Dádì?"

"Kábúrétọ̀. Méjì ló wà. Mo purọ́ ni."

Aneesah ń wò ó. "Kí la ṣe fún yín?"

"Orúkọ tíṣà yẹn ni mò ń gbọ́ láàárọ̀, lálẹ́. Èmi náà mọ ẹ́ńjìnnì, Aneesah! O ò fìgbà kan bi mí ní nǹkan kan rí."

"Mo bi yín," ni ọmọ náà wí. "Mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo ní kí ẹ máa mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọlidé. Ẹ ní irin kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọbìnrin, ẹ lé mi padà sọ́dọ̀ Mọ́mì."

Ó rántí. Fún odidi ọjọ́ márùn-ún, Aneesah ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ìkíni.

Ní ọjọ́rú, Tìrìmísíyù ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé kábúrétọ̀ lọ sí Yaba. Ó kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù lé tíṣà lọ́wọ́, ó ti fọwọ́ sí i. "Tíṣà, mo purọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bínú."

Láyíwọlá gba fọ́ọ̀mù náà. "Ó ti tán, sà. Ẹ jẹ́ ká dè é mọ́ ọn."

Àwọn ọmọ yí wọn ká. Láyíwọlá ń ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bá epo pò, Aneesah tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ wáásù. Owú tún gún bàbá rẹ̀ láyà, kíkan bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó gbé e mì, ó ń bá wọn di bóòtù mú. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn," ni Láyíwọlá wí.

Aneesah nu ọwọ́, kò wo ojú bàbá rẹ̀ dáadáa. "Ṣé ẹ máa wá, Dádì?"

Ọjọ́rú lọjà máa ń yá jù fún un. Ó ní òun á wá.