Òkété Tí Jàfárù Ṣe Lálejò

“Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí ò mọ̀ mí ni! Mo pa kìnnìún lẹ́rìn-ín nínú igbó Ìgbẹ́tì lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí eyín mẹ́jọ fi já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ló bá dákú. Èmi náà ni mo bu omi lù ú tó fi jí. Bó ṣe lajú báyìí, ó kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ ṣeun, bọ̀dá.’”

Bí Jàfárù ṣe sọ ọ́ nìyẹn níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wọn ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán. Abọ́ ìrẹsì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, itan adìyẹ wà lọ́wọ́ òsì, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé díẹ̀ ló kù kí gbogbo mọ́tò orí títì ńlá Bẹ́lítíwéè dúró kí wọ́n gbọ́ ìyókù.

Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù tó ń bu ìrẹsì dá ọwọ́ ṣíbí dúró. “Jàfárù, kìnnìún kúnlẹ̀? Kí ló dé tí kò dọ̀bálẹ̀?”

“Abo ni, Alhaja. Ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mujeebah, ọmọ Alhaja, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìwà ẹranko ló ń kọ́ ní yunifásítì ní College Park, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé ìtọ́jú ẹranko kékeré kan ní Lake Arbor. Ó fa Jàfárù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bọ̀dá Jàfárù, ẹ dákun, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ mọ ẹranko tọ́jú?”

“Ẹranko wo ló wà láyé yìí tí kò ní nọ́ńbà fóònù mi?”

Òótọ́ ibẹ̀, tí Jàfárù nìkan mọ̀, tó sì gbé pamọ́ bí ẹni gbé ẹyin sábẹ́ fìlà, ni pé fóònù ló ń tún ṣe n’Ìbàdàn kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Ẹranko kan ṣoṣo tó bá wọ̀yá ìjà rí ni àkùkọ ìyá àgbà wọn ní Bẹẹrẹ, àkùkọ ló sì borí. Ní báyìí, ẹrù ló ń gbé kiri láti ilé dé ilé, Oxon Hill ló ń gbé, ohun tó sì fi ń yangàn jù lọ ni jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, tó ní àpò mọ́kànlá. Ó ní bí òjò bá ń rọ̀, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà lè sùn sínú àpò kan.

Mujeebah gbà á gbọ́. Ìdààmú ni kò jẹ́ kó ronú dáadáa. Òkété kan ni wọ́n ní ní Lake Arbor, òkété ilẹ̀ wa gan-an, Alápò lorúkọ tó sọ ọ́ nítorí bó ṣe máa ń di oúnjẹ sẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni di àpò. Ẹnì kan ló ń sìn ín nínú yàrá, nígbà tó sì ń kó kúrò, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé kẹrin tí Alápò máa gbé nìyí.

“Nígbà tó dé, ṣe ló ń yí po nínú kéèjì,” Mujeebah sọ. “Yíyí ṣáá, ó ń fi eyín hú irun ìdí ara rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn o, Bọ̀dá. Ayé ló sú u. Kò ríṣẹ́ ṣe. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí fi oúnjẹ pamọ́ fún un. Mo ń ri èkùrọ́ mọ́ abẹ́ iyẹ̀pẹ̀, mo ń dì í sínú pálí, mo ń so ó ní kókó sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́. Nínú igbó, ta ló ń gbé oúnjẹ fún òkété? Ó máa gbẹ́lẹ̀ ni, ó máa fi imú wá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò yí po mọ́.”

“Kí wá ni ìṣòro?”

“Mo ní ìdánwò láti Túsìdeè títí di Tọ́sìdeè. Dókítà Ọlájídé, dókítà ẹranko wa, ń bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bó bá bá Alápò níbi tó ti ń yí po, wọ́n máa gbé e lọ sí ibòmíì ní ọ̀nà jíjìn. Ilé karùn-ún. Mi ò rò pé á tún jẹun mọ́.” Omijé ti lé ròrò sí i lójú. “Ẹ kàn máa bá mi fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó máa wá a fúnra rẹ̀.”

Jàfárù na àyà síwájú. “Fi ọkàn balẹ̀. Tó bá fi máa di Jímọ̀, òkété yẹn á ti máa wa mọ́tò.”

Nígbà tó dé Lake Arbor ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, ó yọjú wo Alápò láti ẹnu ọ̀nà, ó sì rọra fà sẹ́yìn. Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òkété ọ̀hún tó màlúù ọdún Iléyá, irun imú rẹ̀ sì gùn tó wáyà iná. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dùn ún jù. Nígbà tó wo inú kéèjì dáadáa, tó rí iyẹ̀pẹ̀, àkísà pálí àti ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

“Háà! Mujeebah! Ìyà lò ń fi jẹ baba olóbaba!”

Ilé ìyá àgbà ní Bẹẹrẹ ló rántí. Níbẹ̀, àlejò kò tíì jókòó tán tí omi fi máa dé iwájú rẹ̀. Oúnjẹ á tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìdérí lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí àlejò lọ wá oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo agboolé ló máa fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Òkété yìí kì í sì í ṣe àlejò nìkan, àgbà ni. Ó ti hewú nírùngbọ̀n. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

“Ọmọ rẹ dà, baba?” Jàfárù bi í láti òkèèrè. “Ó dáa. Èmi ni ọmọ.”

Ó mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn, ó dúró jìnnà, ó fa ojú ro bí ẹni ń gbá iná jáde, ó sì gbá gbogbo iyẹ̀pẹ̀, pálí àti ìbọ̀sẹ̀ síta. Ó fi omi ọṣẹ nu ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Lẹ́yìn náà ló jókòó síta, ó fi òkúta pa èkùrọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò ó sínú àwo olódòdó tó gbé wá láti ilé, ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, ó sì fi tuùpíìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti àwo náà wọlé pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀.

“Ẹ wá jẹun, sà.”

Alápò jẹ ẹ́ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Ó gbóòórùn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kéèjì, kò rí nǹkan kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Yíyí, yíyí, yíyí.

Jàfárù pàtẹ́wọ́. “Ó ń jó! Ó yó, ó ń jó, ó ń dúpẹ́!”

Ohun tí Mujeebah sọ nípa yíyí po kò ṣàìwá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ti ní èsì tirẹ̀: tìbànújẹ́ nìyẹn, tayọ̀ nìyí. Ní Wẹ́sìdeè ó sọ oúnjẹ di ìlọ́po méjì. Kí àgbà má baà dúró de oúnjẹ, ó ti pa èkùrọ́ sílẹ̀ láti ilé, ó pín in sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Alápò jẹ, ó tún yí po.

Ní Tọ́sìdeè, ó rí i pé ìdí Alápò ti pá. Irun wà nílẹ̀ ní ìdì ìdì. Jàfárù jókòó lórí korobá, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní kẹ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ń jó fún ayọ̀ kì í hú irun ara rẹ̀. Ó gbé fóònù láti pe Mujeebah, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Kí ló máa sọ? Pé ẹni tó pa kìnnìún lẹ́rìn-ín, òkété ló ṣẹ́gun rẹ̀? Ó fa ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ sí mọ́ra, níbi tí Mujeebah ti ní kó máa kọ iye wákàtí tí Alápò fi ń wá oúnjẹ. Ó ti kọ mẹ́sàn-án fún Túsìdeè, mẹ́tàdínlógún fún Wẹ́sìdeè. Fún Tọ́sìdeè, kí ìròyìn lè máa dára sí i, ó kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Mujeebah àti Dókítà Ọlájídé jọ wọlé bá Jàfárù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni dókítà, orí rẹ̀ funfun báláú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mujeebah wo kéèjì tó ń dán, ó wo Alápò tó ń yí po bí fáànù, ó wo ìdí tó ti pá.

“Bọ̀dá... iyẹ̀pẹ̀ dà?”

“Mo bá ọ gbálẹ̀ ni,” Jàfárù dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Dókítà ń ka ìwé. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún kà á. “Ọ̀gbẹ́ni Jàfárù, wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ọjọ́ kan ṣoṣo?”

“Ó ṣiṣẹ́ kára gan-an ni, sà. Ó ṣe ofatáìmù.”

“Mo gbọ́ pé kìnnìún ń kí yín lórí ìkúnlẹ̀.” Dókítà ti ìwé náà pa. “Kí n tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi máa gbé e lọ, mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ bá mi gbé e sórí òṣùwọ̀n.”

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i,” Mujeebah bẹ̀ ẹ́. Omi ti dà lójú rẹ̀.

Omijé yẹn ló ti Jàfárù débi kéèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì bá gbà. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó di ojú. Ó na ìka kan. Alápò dúró, ó gbé imú sókè, ó gbóòórùn. Èkùrọ́ tó ṣẹ́kù nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì! Kí Jàfárù tó ka ení, òkété ti gba ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì wọlé.

“Yéè! Ó ti wọ̀ mí lára! Alhaja o! Ẹ gbà mí, mi ò mọ ẹranko rí láyé mi! Fóònù ni mo máa ń tún ṣe! Kò sí kìnnìún kankan!”

Ó fò sókè, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ sínú kéèjì, òkété àti gbogbo rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn kéèjì gbàà, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mujeebah fẹ́ sá tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n dókítà gbé ọwọ́ sókè. “Dúró. Wò ó.”

Alápò kò yí po mọ́. Ó ti orí bọ àpò àkọ́kọ́, ó yọ èkùrọ́ kan, ó dì í sẹ́rẹ̀kẹ́. Ó fi eyín fa síípù àpò kejì, ó jà á, ó ṣí i. Ó wá inú ìkẹta, ó padà sí ìkejì bóyá nǹkan ṣẹ́kù síbẹ̀. Dókítà jókòó sórí korobá, ó wo aago. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, Alápò ṣì wà ní àpò kẹfà.

“Àpò mélòó ló wà lára aṣọ yìí?”

“Mọ́kànlá, sà,” Mujeebah dáhùn.

Dókítà ká ìwé tí kò tíì fọwọ́ sí, ó tì í sápò ara rẹ̀. “Dá iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ padà. Jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Òkété yìí kò lọ sí ibì kankan.”

Mujeebah ṣì ń nu ojú nígbà tí Alápò yọ nǹkan kan tó ń dán jáde láti inú àpò keje, tó sì dì í sẹ́rẹ̀kẹ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò Jàfárù ni. Mujeebah sáré bọ́ síta, ó pariwo, “Bọ̀dá Jàfárù! Kọ́kọ́rọ́ yín o!”

Ṣùgbọ́n Jàfárù ti kọjá mọ́tò rẹ̀, ó ti kọjá títì, ó ti wà létí adágún omi Lake Arbor, ó dojú kọ ọ̀nà Oxon Hill pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, bàtà kan lọ́wọ́, ó ń kígbe sí gbogbo àwọn tó ń rìn gbafẹ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n yà lọ́nà, kìnnìún ń bọ̀.