Bí Mo Ṣe Ba Ìwé Amùjẹ̀ Jẹ́

Ẹ jẹ́ n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíì bá mi sọ ọ́: irọ́ ni mo pa. Níwájú obìnrin mẹ́rin tó fọkàn tán mi ni mo ti pa á, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, lójúmọmọ. Inú ló ń bí mi. Tí inú bá sì ti ń bí mi, ẹnu mi kì í dúró de orí mi.

Aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì là ń fọ níbi iṣẹ́ wa. Àwọn ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀, ariwo wọn ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Àmọ́ lókè, ní yàrá àtúnṣe, abẹ́rẹ́ ọwọ́ là ń lò. À ń lẹ aṣọ ìbùsùn tó ya, à ń ṣẹ́ etí àpò ìrọ̀rí, à ń dá bọ́tìnnì padà sára ṣẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò. Lọ́jọ́ kan mo gun àga kí n lè fi kọ́tìnnì kọ́, àga yẹ̀, èmi náà yẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi dá. Dókítà fi báńdéèjì tó le bí òkúta dì í, ó ní mi ò gbọdọ̀ fi mú abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo rò pé Ọ̀gá, obìnrin tó ń darí yàrá wa, á ní kí n lọ jókòó sílé. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ọwọ́ ló dá, ẹnu ò dá. Fìdí lélẹ̀ síbẹ̀ yẹn kó o máa kàwé fún wa."

Ìwé kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Inú ìdì aṣọ ìbùsùn ló ti já bọ́. Àlejò kan ló gbàgbé ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì sẹ́ni tó wá béèrè ẹ̀. Ó nípọn bí odindi búrẹ́dì. Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni, ayé ẹṣin àti àtùpà. Ọkùnrin inú ẹ̀ jẹ́ òkú amùjẹ̀: ó ti kú láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún, kò jẹrà, kò darúgbó, ẹ̀jẹ̀ ọrùn èèyàn ló fi ń gbé ara ró. Ó ń dá gbé nínú ilé olókùúta kan, àwòrán ìyàwó ẹ̀ tó ti kú wà lára ògiri. Ibẹ̀ ló wà tó fi rí ọmọ alágbẹ̀dẹ kan, ìfẹ́ bá kó sí i lórí, ó ní òun máa fẹ́ ẹ.

Ọwọ́ òsì mi nìkan ò lè gbé irú ìwé yẹn kó tún máa ṣí i. Àǹtí Bọ́tìnnì, tó máa ń jókòó tì mí, ló ń bá mi ṣí i. Tí mo bá ti kà dé ìsàlẹ̀, màá fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á nawọ́ ṣí i, á tún padà sídìí bọ́tìnnì ẹ̀. Opó ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Kì í wá àlùmọ́gàjí kiri bíi tiwa; eyín ló fi ń já òwú.

Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ń dá fún ìwé yẹn!

"Ọ̀ọ́dúnrún ọdún!" Ìyá Ìbejì nìyẹn, ẹni tó ń lẹ aṣọ ìbùsùn. "Kò kọ́ṣẹ́, kò gbin ewébẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣì ń bá a bọ́ bàtà. Kí ló wá ń fi gbogbo ọdún yẹn ṣe?"

"Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ o," ni Sìsí, tó kéré jù nínú wa, wí. "Kò yọkùn, kì í hanrun, kì í da èèyàn láàmú pé oúnjẹ òun dà."

"Oúnjẹ ẹ̀ dà kẹ̀? Ìwọ gan-an loúnjẹ!" ni Ìyá Ìbejì fi dá a lóhùn.

A rẹ́rìn-ín títí Sìsí fi gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ní ti Ọ̀gá, pé òkú ń rìn kiri ò dà á láàmú rárá. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kà á pé ọmọ ọ̀dọ̀ da omi gbígbóná sórí ṣẹ́ẹ̀tì amùjẹ̀ láti fi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó gbé nǹkan ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Dúró níbẹ̀. Omi kí ni?"

"Omi gbígbóná, mà."

"Irọ́ ńlá! Ẹni tó kọ ìwé yìí ò fọṣọ rí láyé ẹ̀. Omi tútù àti iyọ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀. Ṣe ni omi gbígbóná á sè é mọ́ aṣọ lára. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ẹ̀jẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì ṣì ń funfun! Ta ló ń tàn?"

Àǹtí Bọ́tìnnì kì í bá wọn dá sí i. Ìbéèrè kan náà ló ń bi mí lójoojúmọ́ tí mo bá pa ìwé dé: "Ṣé ọmọ yẹn ti dá ọkùnrin náà lóhùn?"

"Kò tíì dá a lóhùn, mà."

Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó aṣọ wá láti hòtẹ́ẹ̀lì. Láti ọdún mẹ́rin tí ìyá mi ti kú, èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé. Tó bá já ẹrù tán láràárọ̀, á gbá inú ọkọ̀, á ṣa gbogbo bọ́tìnnì tó já sílẹ̀ sínú agolo kékeré kan, á gbé e wá sókè fún Àǹtí Bọ́tìnnì. Mo rí i pé agolo yẹn ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì aláwọ̀ òféfèé, bọ́tìnnì onígi, irú èyí tí kò sí lára aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kankan. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn àlejò ti ń wọ aṣọ tó dáa sí i.

Ní Ọjọ́rú tó ku ọjọ́ kan ká parí ìwé, mo wà lẹ́yìn pẹpẹ ìkó-aṣọ-sí, mò ń wá òwú, ni mo bá gbọ́ ohùn Àǹtí Bọ́tìnnì. Ìyá Ìbejì ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Dírẹ́bà ti bi mí léèrè. Ó ní ká jọ lo ọjọ́ ayé tó kù fún wa. Mo ní màá fún un lésì ní Ọjọ́ Ẹtì."

"Yéè! Kí lẹ fẹ́ sọ?"

"Ojú ń tì mí. Ní ọjọ́ orí mi yìí, kí n tún máa jẹ́ ìyàwó tuntun? Ọ̀rọ̀ ọmọ alágbẹ̀dẹ yẹn jọ tèmi ni. Jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe máa dáhùn lọ́la."

Ara mi gbóná láti orí dé àtàǹpàkò. Bàbá mi! Ọkùnrin tó máa ń sọ fún mi tí táyà ọkọ̀ ẹ̀ bá jò, kò sọ èyí fún mi. Ta ló máa jókòó sórí àga ìyá mi? Ta ló máa yọ àwòrán ẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀ wa? Mi ò ronú nǹkan míì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn ti jókòó kí n tó dé. Mo ṣí ìwé, mo wojú ẹ̀, ìwé ń sọ tiẹ̀, ẹnu mi ń sọ tèmi.

"'Rárá o,' ni ọmọ alágbẹ̀dẹ wí. 'Ẹni tó wà nínú àwòrán yẹn ló nilé. Mi ò lè bá a du ilé ẹ̀.' Ó pa ilẹ̀kùn dé. Amùjẹ̀ padà sínú òkùnkùn tó ti wá. Ó parí."

Mo pa ìwé dé. Sìsí bú sẹ́kún. Ìyá Ìbejì ní, "Ṣé torí èyí la ṣe jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?" Ọ̀gá pòṣé, ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà omi gbígbóná pé òǹkọ̀wé náà ò mọ nǹkan kan. Àǹtí Bọ́tìnnì fi eyín já òwú, ó ká aṣọ ọwọ́ ẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. Mo rí i, àmọ́ mo ṣorí kunkun.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, bàbá mi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń kọrin tí kò bára mu. Ó ti kun bàtà ẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sọ́rùn, ó yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ṣé kọ́là yìí gún?"

"Ó wọ́," ni mo wí. Lóòótọ́ ló wọ́. Bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ó jókòó. "Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ. Mo ti sọ fún ìyá ẹ." Ó nawọ́ sí àwòrán ara ògiri. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ẹ̀ ò bà mí," ni bàbá mi wí. "Tìẹ ló ń bà mí."

Ojú tì mí, kí n má purọ́. Ọkùnrin tó gbé mi pọ̀n nígbà tí ibà ń ṣe mí ló ń bẹ̀rù mi yìí.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mi ò tíì bọ́ kóòtù tí mo fi kúnlẹ̀ sáàárín yàrá pẹ̀lú ọwọ́ dídá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa lánàá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe parí."

Ilé dàrú. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n dá ọwọ́ kejì fún mi. Sìsí ti nu ojú, ó ní òun mọ̀, òun mọ̀ pé ọkọ òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní, "Ẹ dákẹ́ ẹnu yín! Dìde kó o kà á bó ṣe wà."

Mo jókòó, mo kà á. Mo fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, Àǹtí Bọ́tìnnì nawọ́, ó ṣí i. Nínú ìwé, ọmọ alágbẹ̀dẹ wọ ilé olókùúta, ó lọ tààrà sídìí àwòrán, ó fi etí aṣọ ẹ̀ nu eruku kúrò lójú obìnrin náà, ó kí i, ó sì fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí ọkùnrin náà, tó ní, "Mo gbà." Láti ọjọ́ náà, amùjẹ̀ ò mu ẹ̀jẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí irun funfun kan lórí ẹ̀, ọkùnrin yẹn sì jó yí gbogbo ilé ká torí irun funfun kan ṣoṣo.

"Kó wá darúgbó?" Sìsí figbe ta. "Kó wá yọkùn? Wọ́n ti bà á jẹ́ pátápátá!"

Mo yíjú sí Àǹtí Bọ́tìnnì. "Ẹ forí jì mí, mà. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ fún Ìyá Ìbejì. Èmi ni mi ò fẹ́."

"Mo mọ̀," ló wí, kò gbójú sókè. "Ojú ìwé mọ́kànlélógún ló kù lánàá, o ò fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Mo wo ẹsẹ̀ ara mi.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwé lò ń kà, inú ẹ lò ń sọ. Èsì tí mo fẹ́ fún bàbá ẹ lónìí ni pé rárá. Mi ò lè wọlé tí ọmọ ilé ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi." Ó wá wò mí. "Èyí tó o kà báyìí ńkọ́? Ṣé ti ìwé ni àbí tinú ẹ?"

"Ti méjèèjì ni, mà."

A gbọ́ fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀. Bàbá mi gòkè wá pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, bàtà ń dán, kọ́là wọ́. Ó rí ojú mẹ́wàá tó ń wò ó, ó fẹ́ padà sẹ́yìn.

"Ẹ dúró," ni Àǹtí Bọ́tìnnì wí. Ó gba agolo, ó fìka ro inú ẹ̀ títí ó fi rí bọ́tìnnì funfun kan. Ó kó òwú sí abẹ́rẹ́. "Ẹ má mira."

Bàbá mi dúró gbọin, ó gbé àgbọ̀n sókè. Àǹtí Bọ́tìnnì rán bọ́tìnnì náà mọ́ ọn lọ́rùn níbẹ̀, lójú gbogbo wa, láìkánjú. Nígbà tó rán an tán, kò wá àlùmọ́gàjí. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹnu sún mọ́ ọrùn bàbá mi, ó fi eyín já òwú.

"Yéè!" Ìyá Ìbejì fò sókè. "Ó ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ o!"

"Omi tútù!" ni Ọ̀gá ń pariwo. "Omi tútù àti iyọ̀!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Àǹtí Bọ́tìnnì gan-an rẹ́rìn-ín, ó dọwọ́ bojú bí ọmọdé, ó ní, "Mo gbà, dírẹ́bà. Mo gbà." Bàbá mi tí kò ka ìwé, tí kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀, ó sì yíjú sí mi láàárín gbogbo wọn.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti gún báyìí?"

"Ó ti gún, Bàbá," ni mo wí. "Ó gún dáadáa."