Màlúù Tó Ń Mu Wàrà Ara Rẹ̀

Clebert ṣì wà láyé nígbà yẹn. Wilfred, aládùúgbò wọn, náà ṣì wà láyé, ó ṣì lè dá gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láìké sí ẹnikẹ́ni. Patat ajá wọn wà láyé pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti fọ́, tó ń gbó àga bí ẹni gbó àlejò. Ilé nìkan ni kò sí mọ́. Ìjì ti ká a kúrò nílẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, ó dà á sínú ẹrẹ̀ lódìkejì odò, àtẹ̀gùn mẹ́ta ẹnu ọ̀nà ló ṣẹ́ kù. Àràárọ̀ ni Ozite, ìyàwó Clebert, ń gbá àtẹ̀gùn mẹ́ta yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ibo ni àtẹ̀gùn tí kò nílé ń gbé ènìyàn lọ, á ní ibi tí òun wà náà ló ń gbé òun lọ.

Ẹ̀yìn àtẹ̀gùn náà ni ilé onítáyà wọn wà, irú èyí tí àwọn olówó máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ lọ gbafẹ́. Gbogbo ẹni tí ìjì lé nílé lẹ́bàá odò Bayou Canard ló ń gbé irú rẹ̀ nígbà náà. Ó gùn, ó sì tín-ín-rín. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọjá, ẹnì kejì á kọ́kọ́ lọ jókòó sórí ibùsùn. Wáyà dúdú kan tó nípọn bí ejò ló ń gbé iná láti ara òpó àgbàlá wọ inú rẹ̀.

Iná yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Sìgá ogójì ọdún ti sọ ẹ̀dọ̀fóró Clebert di àkísà, ẹ̀rọ èémí ló ń ràn án lọ́wọ́ láti mí, pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín ní ihò imú. Bí iná bá lọ, sílíńdà afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, kò sì lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́fà lọ. Earline, ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní Shreveport lókè lọ́hùn-ún, ti wá sọ àsọparí ọ̀rọ̀ lórí fóònù: bí ẹ̀rọ yẹn bá tún fi lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí iná, òun á gbé ọkọ̀ wá, òun á kó àwọn méjèèjì lọ sílé òun, ilé onítáyà á sì di títà.

Ozite ti lọ sí Shreveport rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Kò sí odò lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó nawọ́ kí i láti ojú ọ̀nà, kọfí wọn sì dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ṣíbí. Bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin ni sàréè wọn sí àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé kò sí ibòmíràn tí òun ó ti gbó.

Nígbà tí Clebert gbọ́ ìhalẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó lọ ra ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Ó ra bátìrì ńlá méjì tì í, Wilfred sì bá a tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Ọdún mọ́kànlélógún ni Wilfred fi ṣiṣẹ́ iná lórí ọkọ̀ ojú omi àwọn elépo, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ iná. Ó ka òfin fún Clebert lórí ìka.

“Ẹ̀rọ èémí, gílóòbù kan, fáànù kékeré. Ó parí. Ohunkóhun tó bá ń gbóná tàbí tó ń tutù, ọ̀tá rẹ ni.”

Clebert ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù tó ti pẹ́ jù.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjì mìíràn yọjú. Kì í ṣe èyí tó lágbára tí wọ́n ń torí rẹ̀ sá kúrò nílùú. Àlùfáà pàápàá kò kúrò. Àmọ́ òjò rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Wilfred ti wa ọkọ̀ edé rẹ̀ lọ so sí ìyànà odò lókè, níbi tí igi ti bo afẹ́fẹ́, bí gbogbo apẹja ṣe máa ń ṣe. Ní ọ̀sán gangan, iná lọ.

Clebert tẹ bọ́tìnnì. Ínfátà la ojú rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ẹ̀rọ èémí sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú Ozite dùn dé ibi pé ó fi ẹnu kò ó ní orí pípá. Bóyá ìfẹnukonu yẹn ló bà á jẹ́. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú fèrèsé, ó ń wo wáyà dúdú tó so rọ̀ lára òpó tí kò níná mọ́, ó ń fi ahọ́n tọ́ eyín wò. Ozite mọ ìwò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wò kó tó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sára ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́dún kan, tí aṣọ wọn fi di okùn.

Ó jáde sínú òjò, ó fa rọ́bà imú rẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀ dé ibi tó gùn dé, ó yọ ẹnu wáyà kúrò lára òpó, ó wọ́ ọ wọlé, ó sì kì í bọ ara ínfátà.

“Arúgbó mi, wá gbọ́,” ló wí. “Nínú ilé yìí, ṣájà kan wà tó máa ń fún bátìrì ní iná bí ilé bá ti níná. Ṣé o gbọ́ ọ? Bátìrì á fún ínfátà, ínfátà á fún ilé, ilé á fún bátìrì. Yóò máa yí po ni. Kò ní tán láéláé.”

Ozite ronú sí i díẹ̀. Ó ní bàbá òun ní màlúù kan rí, Régina lorúkọ rẹ̀. Màlúù yìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ọrùn mu ọmú ara ẹni. Ojoojúmọ́ ni inú rẹ̀ ń dùn. Láàárín oṣù kan, wọ́n ń ka egungun ìhà rẹ̀ láti ojú ọ̀nà.

“Màlúù kò lọ iléèwé,” ni Clebert wí.

“Ìwọ náà kò kúkú fi bẹ́ẹ̀ lọ jù ú lọ.”

Ṣùgbọ́n ilé ti tan yòò. Gbogbo gílóòbù ni, títí kan ti inú ilé ìwẹ̀. Fíríìjì ń kùn, rédíò ń sọ̀rọ̀ ìjì tó wà lórí wọn. Clebert tan ẹ̀rọ amúlétutù, ínfátà sì ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó yára pa á, ó ní ìkíni lásán ni. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n sì gbé bí gómìnà fún wákàtí kan àti ààbọ̀.

Lẹ́yìn náà ni iná di pupa bíi tíì tó ti ṣá. Ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kí, kí, kí. Ẹ̀rọ èémí fa èémí gígùn kan, ó figbe ta lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Ojú Clebert funfun. Ozite sáré dìde. Ó fa sílíńdà jáde, ó ṣí i, ó yí rọ́bà imú ọkọ rẹ̀ sí i, ó sì wo aago. Wákàtí mẹ́fà. Omi ti bo ojú ọ̀nà lókè àti nísàlẹ̀, kò sí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó lè dé.

Ìgbà yẹn ni fóònù dún.

Earline ló ń bèèrè bóyá iná ti lọ. Rósárì ń fì lórí ìṣó lẹ́bàá fóònù, Ozite kò sì lè purọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bàbá rẹ̀ jókòó sínú ìmọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Earline ní kí wọ́n gbé fóònù sétí ẹ̀rọ kí òun gbọ́ ọ.

Ozite wo Clebert. Clebert na ọwọ́, ó gba fóònù, ó gbé e sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹ̀rọ: fùú, ṣìì. Fùú, ṣìì. Ó ṣe é dáadáa o, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní èémí tó, ta ló ní kó wá máa fi tọrẹ? Ní ìgbà kẹfà, ikọ́ gbé e. Patat, tí kò ríran, tí kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé, fò dìde ó sì gbó olówó rẹ̀ bí ẹni gbó olè.

“Màmá,” ni Earline wí jẹ́ẹ́jẹ́, “látìgbà wo ni ẹ̀rọ yẹn ti ń wúkọ́?”

Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Bí omi bá ti fà lójú ọ̀nà lọ́la, òun ń bọ̀.

Clebert tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Ó wá ní ó dà bíi pé Régina mọ nǹkan kan. Ozite bọ́ sídìí ínfátà. Ó fa wáyà dúdú yọ lára ínfátà, ó ká a jọ, ó gbé e sórí àga, ó sì jókòó lé e lórí kí ọkọ rẹ̀ má tún lè ronú sí i. Orí wáyà náà ló ṣì jókòó sí nígbà tí Wilfred dé, tó rọ̀ ṣìnkìn, tó fẹsẹ̀ rìn nínú omi bọ̀ láti ibi tó so ọkọ̀ rẹ̀ sí.

Wilfred wo bátìrì. Ó bèèrè ohun tí Clebert fi sí i. Clebert ní kò sí ohun kan tó gbóná. Wilfred tún wò yíká, ó rí bí wáyà ṣe yọ orí lábẹ́ ìdí Ozite, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú.

“Fi ẹ̀rín sílẹ̀,” ni Ozite wí. “Nígbà tí Régina rù, bàbá mi fi pákó sí i lọ́rùn, ó sì mú un lọ jẹko ní pápá ẹlòmíràn. Koríko ta ni bátìrì yìí lè jẹ?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Wilfred. Ó wo òde, ó wo ọkọ̀ akẹ́rù Clebert.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí èéfín má bàa wọlé. Wilfred fi wáyà so orí bátìrì ọkọ̀ mọ́ orí bátìrì abẹ́ ibùsùn, ó tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ń dúró. Nígbà tí sílíńdà ku wákàtí méjì, ínfátà la ojú. Ẹ̀rọ èémí nìkan ni wọ́n gbé lé e. Fùú, ṣìì. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n pẹtiróòlù inú ọkọ̀ kò ní dé òwúrọ̀. Ozite ló rántí fìrísà.

Ládùúgbò wa, bí iná bá lọ, a kì í jókòó ṣọ́ ẹran títí yóò fi rà. A ó kó gbogbo rẹ̀ jáde, a ó sì sè é níbì kan náà. Ozite rán Wilfred kiri ilé kọ̀ọ̀kan pé abẹ́ tapólì òun ni ìdáná wà lọ́tẹ̀ yìí, ìdáná gáàsì ńlá ti wà nílẹ̀, àmọ́ ìkòkò tí kò bá mú kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù dání kò ní rí ojú iná. Wọ́n wá. Akàn dé, edé dé, pẹ́pẹ́yẹ igbó dé, ìgalà tí ẹnì kan ti ń fi pa mọ́ fún Kérésìmesì náà dé. Pẹtiróòlù ọkọ̀ kékeré wọn dé pẹ̀lú. Clebert wà nínú ilé lójú fèrèsé, jìnnà sí iná, ó ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa ro ìyẹ̀fun ọbẹ̀ gumbo kó má jóná. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀.

Báyìí ni Earline ṣe bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òun àti páálí mẹ́rìnlá tó fẹ́ kó ẹrù wọn sí. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ń jẹun lórí koríko tútù. Ó wọlé, ó gbé etí lé ẹ̀rọ, ó wo ojú bàbá rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó mú un ṣiṣẹ́. Ozite yára bu kọfí fún Clebert kó lè dí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n Clebert gbé ife sílẹ̀.

“Èmi ni mo pa á,” ló wí. “Màmá rẹ ló jí i.”

Earline jáde lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn. Ó jẹ abọ́ gumbo méjì. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, tí Wilfred sì ti ro ẹjọ́ wáyà fún un, ó ní kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, àmọ́ lórí àdéhùn kan: bí iná bá ti lọ, ọwọ́ màmá ni ẹnu wáyà dúdú yẹn gbọ́dọ̀ wà, ọwọ́ bàbá kò gbọ́dọ̀ kàn án. Akàn sísè ló fi kún páálí méjì lọ sí Shreveport. Òfìfo ni ìyókù bá a padà.

Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ti ṣẹ́jú, Ozite ló ń kọ́kọ́ jáde. Á yọ wáyà lára òpó, á ká a wọlé, á jókòó lé e lórí. Clebert á ní ọbabìnrin ti gorí ìtẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ èémí náà kò sì dákẹ́ mọ́.

Ọjọ́rú kan ni, nínú oṣù Kẹwàá. Ìjì kankan kò sí, iná wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Clebert mu kọfí rẹ̀, ó ní kọfí náà dáa, Ozite sì jáde lọ gbá àtẹ̀gùn mẹ́ta. Nígbà tó padà wọlé, ẹ̀rọ náà ń mí lóun nìkan. Fùú, ṣìì. Ó jẹ́ kó mí díẹ̀ sí i kó tó pa á.

Wilfred wà ní àgbàlá rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe, nígbà tó rí i tí Ozite jáde wá nínú oòrùn gan-gan, tó yọ wáyà dúdú kúrò lára òpó, tó ká a jọ sórí àtẹ̀gùn, tó sì jókòó lé e lórí. Wilfred ṣí fìlà. Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó sì lọ pe Earline lórí fóònù.