Ọṣẹ Inú Táńkì Felele

Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ló tẹ́ ojú irin kékeré náà láti ẹsẹ̀ òkè Àgbájà wá sí etí odò ní Lọ́kọ́jà, kí orílẹ̀-èdè yìí tó gba òmìnira, nígbà tí Felele ṣì jẹ́ igbó. Òkúta irin àti igi gẹdú ló ń kó wá fún ọkọ̀ ojú omi. Kò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ó pa àbúrò mi kí òun náà tó kú.

Làtífù ni orúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń wà lórí wágọ́nù ìkẹyìn, tó ń fa bíréèkì bí wọ́n bá ń kó gẹdú sọ̀kalẹ̀. Ó sọ fún Mákánjúọlá tó ń wa ẹ́ńjìnì pé bíréèkì náà kò mú mọ́. Mákánjúọlá ní kí ó gun wágọ́nù rẹ̀, iṣẹ́ ń dúró. Ní kọ́nà Felele, wágọ́nù bọ́ kúrò lórí irin, gẹdú sì wó lé e. Nígbà tí ọ̀gá òyìnbó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Mákánjúọlá ní ọtí ló pa á.

Làtífù tí kò mọ òórùn ọtí bùrùkùtù. Ará Ìlọrin ni wá, inú Lọ́kọ́jà àtijọ́ ni wọ́n bí baba wa sí, a kì í mutí nílé wa. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ àdúgbò. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ń wo ojú ara wọn. Àwọn tó fẹ́ fi ọmọ wọn fún àbúrò wa kékeré yí ohùn padà.

Èmi Mùsílímátù, ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ sùúrù tí eérú ń fẹ́. Mákánjúọlá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Ó ti lé àwa obìnrin kúrò nídìí táńkì tí ẹ́ńjìnì ti ń mumi ní Felele, ó ní bí ọṣẹ bá wọ inú rẹ̀, omi yóò máa hó ṣùṣù, agbára ẹ́ńjìnì yóò sì lọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Kàdúná wá wo ojú irin, mo da ọṣẹ agbọ̀n kan sínú táńkì.

Ẹ ò bá rí i. Wọn kò tíì gun òkè dé ìdajì tí ìfófó fi ń tú jáde níbi ihò èéfín. Ẹ́ńjìnì kú, ó yí sẹ́yìn, ó bọ́ kúrò lórí irin ní kọ́nà yẹn kan náà. Kò sẹ́ni tó fara pa, àwọn ọ̀gá kàn bẹ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ ni. Mákánjúọlá ń kólòlò bí ẹni tó mutí. Ọ̀gá ní, “Ìwọ lo sọ fún mi pé ọtí ni ẹ ń mu lójú irin yìí.” Wọ́n lé e. Alàgbà ìjọ ni o, kò fẹnu kan ọtí rí. Ìjọ rẹ̀ náà dá a dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Ó wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, òun àti Rebecca ìyàwó rẹ̀, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní Yàgbà ilé rẹ̀.

“Ọ̀kun o, Ìyá. Mo rí ọṣẹ yín nísàlẹ̀ táńkì. Ẹ ṣàánú mi, ẹ sọ fún wọn pé mi ò mutí.”

Mi ò ní kí wọ́n jókòó. “Ìwọ kọ́kọ́ sọ ohun tó pa Làtífù, kí gbogbo Lọ́kọ́jà gbọ́. Lẹ́yìn náà, màá sọ tèmi.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí a ti kírun tán, ó dúró níwájú mọ́ṣáláṣí. Ó ní Làtífù kò mutí, bíréèkì ló bàjẹ́, òun mọ̀, òun sì parọ́. Ohun tí mo ti ń wá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ó kù sọ́wọ́ yín, Ìyá.”

Bí mo ṣe rí i tó dúró láàyè, tí Làtífù wà nínú ilẹ̀, mo nawọ́ sí i. Mo ní, “Ẹ gbóòórùn ẹnu rẹ̀ ná. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé torí ọtí ni wọ́n ṣe lé e?”

Ẹ̀rín sọ. Rebecca fi ìborùn bojú. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi dé eegun, títí Lèmọ́mù fi gbọ́wọ́ sókè.

“Òótọ́ ni Mùsílímátù wí,” ni ó sọ. “Ẹ̀sìn wa kò gba ẹ̀rí ọ̀mùtí. Ohun tó sọ nípa Làtífù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.”

Bí mo bá wá jẹ́wọ́ ọṣẹ nígbà náà, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Mákánjúọlá kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Yàgbà. Ọdún kejì, wọ́n hú irin náà tà, igbó sì bo ojú ọ̀nà. Ibi tí àbúrò mi kú sí nìkan ni àwọn èèyàn ṣì mọ̀, Kọ́nà Ọ̀mùtí ni wọ́n ń pè é.