Ẹsẹ̀ Tí Ojú-Àwòdì Gbé Sókè

Ojú-Àwòdì ni gbogbo ilé wa ń pe àbúrò mi obìnrin, nítorí pé ohun tí ojú ẹlòmíràn fò, ojú tirẹ̀ á rí i. Ìyá wa ló kọ́ àwa méjèèjì bí a ṣe ń ṣa ìkarahun létí òkun. Kì í ṣe àwọn ńláńlá tí ọmọdé ń gbé sétí o. Àwọn kéékèèké ni, tí wọn ò ju hóró yánmọtí lọ, tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé òun tẹ nǹkan.

Ikùn la fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wàá fi ikùn lélẹ̀, wàá gbé ojú sún mọ́ iyanrìn bí ẹni fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, wàá sì máa mí díẹ̀díẹ̀, torí èémí lásán lè fẹ́ wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í pe ara wa níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ti rí nǹkan gidi, ẹsẹ̀ kan ni yóò gbé sókè lẹ́yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: dúró síbi tó o wà, má wá da iyanrìn rú mọ́ mi lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Ọlọ́wọ́-òsì ni Ojú-Àwòdì ń wá. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Irú ìkarahun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń lọ́ sí. Èyí tó bá ṣèèṣì lọ́ sí òsì ni Ọlọ́wọ́-òsì; ìyá wa wá a títí tó fi kú, kò rí i.

Kí ó tó lọ sórí àpáta pẹrẹsẹ tó yọrí sínú omi, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ìpara ra orúnkún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ìpara yín yìí ṣe ń rùn tó, ẹja á jáde wá bẹ̀ yín."

"Máa rẹ́rìn-ín. Orúnkún tìẹ náà ń bọ̀ lọ́nà."

Mo jókòó, mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyanrìn kúrò lára àwọn tí mo rí. Aláwọ̀n, ọkùnrin tó máa ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí wa, pariwo pé:

"Ẹ̀yin màmá, ẹ ò tíì ka iyanrìn yẹn tán?"

"Ó ku ẹyọ kan. Ìwọ lò ń dí wa lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí àpáta. "Àbúrò yín ń kọ́? Omi ti ń gun ibẹ̀ o."

Mo gbójú sókè. Ojú-Àwòdì dojú bolẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè. Inú mi dùn ṣìnkìn. Ó ti rí i!

"Fi í sílẹ̀," mo ní. "Àmì wa nìyẹn. Ó ní ká má sún mọ́ òun."

"Màmá, ẹsẹ̀ yẹn ń gbọ̀n."

"Ìdùnnú ni."

Ìgbì kan gorí àpáta, ó padà. Èkejì dé, ó bo apá rẹ̀, kò padà tán. Ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Mo dìde, mo tún dúró. Tí mo bá lọ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ẹnu ẹ ò ní kúrò lára mi láéláé.

Ìgbà yẹn ni mo rí páálí ìṣáná rẹ̀. Inú rẹ̀ la máa ń tẹ́ òwú sí, tí a ń kó ìkarahun sí. Omi gbé e, ó kọjá níwájú imú rẹ̀, ó ń léfòó lọ, Ojú-Àwòdì ò sì mú un.

Ta ni yóò máa ṣa ìkarahun, tí yóò rí páálí rẹ̀ tó ń lọ, tí kò ní nawọ́?

Mo sáré, èmi tí orúnkún ń dùn! Aláwọ̀n ti ṣíwájú mi.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti há sínú pàlàpálá àpáta. Ọ̀tún ló fi di òkúta mú kí orí rẹ̀ má bàa rì. Omi ti dé àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo pè yín títí, ìgbì ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ ò rí ẹsẹ̀ mi ni?"

"Mo rí i."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Wọ́n máa ń ní omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Tiwa, omi ló fẹ́ pọ̀ jù.

Aláwọ̀n di èjìká rẹ̀ mú, ó fà á. Ó ké tòò.

"Má fà á mọ́, wàá ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́!"

Ìgbì mìíràn bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan àfi ìfóòfó. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo fa ìpara orúnkún mi yọ níbi tí mo dì í sí nídìí aṣọ, mo fi eyín ṣí i, mo ki ìka bọ inú pàlàpálá náà, mo fi gbogbo ọ̀rá yẹn ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yíká.

"Ká ìka rẹ jọ. Má di nǹkan kan mú."

"Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́wọ́-òsì náà wà lórí ìka mi..."

"Mo ní jù ú nù!"

Ó ká ìka jọ. Ó yí ọwọ́, mo tì í, Aláwọ̀n rọra fà á. Awọ bó, ẹ̀jẹ̀ jáde, ọwọ́ náà sì yọ̀ bọ́ kúrò níbẹ̀ bí ẹja.

A wọ́ ọ dé orí iyanrìn gbígbẹ. Ó la àtẹ́lẹwọ́, ó yẹ ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ wò títí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Òsì ló lọ́ sí, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí i."

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Ẹ lọ wá àmì míì o," Aláwọ̀n ní.

A ò wá àmì kankan. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti dojú bolẹ̀, mi ò kì í dúró de ẹsẹ̀ mọ́. Màá rọra dìde, màá lọ fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ tún ti dé! Ẹ ti mí lu iyanrìn mi!"

Lánàá òde yìí, ó bú mi láti etí omi dé ilé. Mo jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn. Mò ń ra orúnkún mi.