Ògiri Ilé Bryony

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọkọ mi, Clifford, kò ti gbádùn ìjókòó. Á jókòó, á dìde. Á gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀, á lọ dúró lójú fèrèsé, kó lè rí i bóyá èéfín ṣì ń jáde nílé iṣẹ́ bíríkì wa.

"Jókòó jẹ́ẹ́, jàre! O ti ń kó mi lọ́kàn sókè."

"Ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa iná náà ni?"

Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀ ní gbogbo abúlé? Iléru tí a fi ń sun bíríkì, tí bàbá rẹ̀ dáná sí, iná rẹ̀ kò tíì kú rí. Yàrá dé yàrá ni iná ń yí ká nínú rẹ̀, ọdún wọlé, ọdún jáde. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá kú, ògiri iléru á tutù, á lanu, ó bàjẹ́ pátápátá nìyẹn. Bíríkì kún àgbàlá wa títí dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà ti ní bí àwọn tó ń kọ́lé sí pápá ẹ̀yìn wa kò bá ra tiwa títí di Fúráìdè, kí Clifford pa iná.

Bẹ́ẹ̀ ìjọba ń pariwo lórí rédíò láràárọ̀: mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ilé! Mo máa ń dá rédíò náà lóhùn ni. "Kí lẹ fẹ́ fi kọ́ ọ? Bísíkítì?" Inú ń bí mi. Ariwo kọ́ ló ń kọ́lé.

Bryony, ọmọ wa kan ṣoṣo, ra ilé nínú pápá náà. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti há sínú yàrá kékeré lọ́dọ̀ wa. Ní Tọ́sìdè ó pè wá.

"Dádì, ẹ wá wò ó! Bíríkì ni o, pupa bíi tiyín!"

Clifford fò dìde. "O gbọ́? Bó bá jẹ́ bíríkì ni wọ́n ń lò, wọ́n á ra tiwa fún àwọn tó kù!"

Ó ti ìlàjì bíríkì kan bọ àpò. Bí àwọn tó ń sun bíríkì níbí ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á kan ọ̀kan mọ́ èkejì, èyí tó bá jiná á dún gooro bí agogo.

Nígbà tí a débẹ̀, Bryony wọlé lọ se tíì. Clifford fi bíríkì ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri. Ó dún bí ẹni kan páálí. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo igun tí wọn ò tíì parí. Pẹlẹbẹ bíi bísíkítì ni bíríkì náà, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ó wò mí. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ náà jáde pẹ̀lú kọ́ọ̀bù, ẹ̀rín gba ojú rẹ̀ kan. "Ẹ ti kàn án, àbí? Mo mọ̀ yín! Ṣé ó dún?"

"Ó dún, ọmọ mi," ni Clifford wí. "Ó dún dáadáa."

Kò dúró de Fúráìdè. Ó gba ilé iṣẹ́ lọ tààrà, ó ń dí ihò atẹ́gùn iléru lọ́kọ̀ọ̀kan kí iná lè kú, èmi sì dúró tì í.

Nígbà tí a délé, ó jókòó, ó mu tíì rẹ̀ tán pátápátá. Kò mira. Ẹ̀rù bà mí.

"Clifford," ni mo bẹ̀ ẹ́, "dìde, lọ sójú fèrèsé."

"Kí ni n ó lọ wò?"